Jean Seberg: ọmọ Iowa tí àwọn ará Paris rí ohun tó wà lójú rẹ̀

Àyìnlá_Sinimá
Ẹ kú ilé o, gbogbo ọmọ ilé. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíìmù Faransé tí wọ́n ń pè ní À bout de souffle, èyí tí Jean-Luc Godard darí, tó jáde lọ́dún 1960. Mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tipẹ́, mi ò ráyè wò ó ni. Látìgbà náà, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe Jean-Paul Belmondo tó ṣe olè ọkọ̀ ni mò ń rò. Ọmọbìnrin yẹn ni. Ó gé irun mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin, ó wọ ẹ̀wù kan tí wọ́n kọ orúkọ ìwé ìròyìn New York Herald Tribune sí láyà, ó ń lọ ó ń bọ̀ lójú pópó Champs-Élysées, ó ń kiri ìwé ìròyìn. Èmi tí mi ò gbọ́ Faransé pàápàá mọ̀ pé kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀ ló ń sọ.

Ní ìparí, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́pàá sí ọkùnrin náà. Wọ́n yìnbọn fún un, ó ta gìẹ́gìẹ́ lọ títí ó fi ṣubú ní òpin òpópónà. Ọmọbìnrin náà dúró tì í, ó fi àtàǹpàkò nu ètè bí ọkùnrin yẹn ṣe máa ń ṣe, ó tẹjú mọ́ wa, ó sì kẹ̀yìn sí wa. Ó tán. Ojú yẹn ò sọ pé òun kábàámọ̀, kò sì sọ pé òun ò kábàámọ̀.

Mo wá orúkọ rẹ̀: Jean Seberg, ará Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí mo yà sí, ikú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, báwo ni ọmọ Amẹ́ríkà ṣe dé ìdí irú fíìmù yẹn? Kí ló sì tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀?

Tíṣà_Àgbà
Àyìnlá, o káre tí o gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo ti fẹ́ràn obìnrin yìí, ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Ìlú Marshalltown ní ìpínlẹ̀ Iowa ni wọ́n ti bí i, ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1938. Ìlú tí oko àgbàdo yí ká ni. Bàbá rẹ̀ ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ìyá rẹ̀ a sì máa di àyè mú fún àwọn tíṣà tí kò bá wá síṣẹ́. Onígbàgbọ́ ìjọ Luther ni wọ́n. Ní ọdún 1956, olùdarí fíìmù Otto Preminger kéde pé òun ń wá ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, tí yóò ṣe Joan Mímọ́, ọmọ Faransé tí wọ́n dáná sun, nínú eré tí George Bernard Shaw kọ. Wọ́n ní àwọn tó jáde fún un tó 18,000. Ọmọ ọdún 17 yìí ló mú.

Ilé iṣẹ́ fíìmù Shepperton nítòsí London ni wọ́n ti ya á. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ya ibi tí wọ́n ti dáná sun Joan, gáàsì tí wọ́n tò sábẹ́ igi ṣìṣe, iná sì jó ọmọ náà ní tòótọ́. Wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n àpá iná kù sí i lára. Fíìmù náà jáde lọ́dún 1957, àwọn tó ń ṣe àríwísí wá fi ẹnu jó o lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní kò mọ eré ṣe. Lọ́dún 1958, Bonjour Tristesse tún jáde, Preminger kan náà ló darí rẹ̀, látinú ìwé Françoise Sagan. Wọ́n tún bú u ní Amẹ́ríkà. Preminger bá ta àdéhùn tó ní pẹ̀lú rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Columbia, bí ẹni ta ẹrù tí kò yá. Ọmọ náà ò tíì pé ogún ọdún, wọ́n ti ń sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Paris tí wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Cahiers du cinéma. Truffaut wà lára wọn, Godard wà lára wọn. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà pè ní àìmọ̀ọ́ṣe, àwọn rí i bí ohun tuntun. Godard fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé Patricia tí Seberg ṣe nínú fíìmù òun, ọmọbìnrin inú Bonjour Tristesse náà ni, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Akin_Kámẹ́rà
Tíṣà ti la ọ̀nà. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mo ń jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959 ni wọ́n ya fíìmù yẹn. Raoul Coutard, tó ti ya fọ́tò lójú ogun ní Indochina, ló gbé kámẹ́rà. Ojú títì gidi ni, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì gidi ni. Coutard jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ, Godard ń tì í lẹ́yìn, ìyẹn ló jẹ́ kí kámẹ́rà máa rìn geere bí omi. Fún ti Champs-Élysées, wọ́n fi í pamọ́ sínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó lẹ́tà kiri. Àwọn èèyàn tí ẹ rí tí wọ́n ń bojú wẹ̀yìn wo Seberg, aráàlú tó ń lọ síbi iṣẹ́ wọn ni. Láti lè ya àwòrán níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò tó, fíìmù Ilford tí àwọn onífọ́tò ń lò ni wọ́n rà, wọ́n ń so ó mọ́ra wọn ní gígùn-gígùn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ ìyà tó wà nídìí ìyẹn.

Ẹ wá ro ti òṣèré. Ọ̀dọ̀ Preminger ló ti ń bọ̀, ẹni tó máa ń jágbe mọ́ òṣèré lójú gbogbo èèyàn. Ó dé Paris, ó bá ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sọ ọ́, tó sì ń ké ọ̀rọ̀ náà sí wọn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, torí pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n máa gbohùn lé e. Wọ́n ní kó má kun nǹkan kan sójú. Lójú ọmọ tó ti ń gba ìlànà, ẹ̀rù á bà á. Òun nìkan sì ni orúkọ tí ayé mọ̀ nínú gbogbo wọn o! Belmondo ò tíì di nǹkan kan nígbà yẹn. Nínú owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ní, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ló bá a lọ.

Mo ti wo àárín fíìmù yẹn, nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ó ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń sọ, kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ ló gbé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé orí ire lásán ni. Iṣẹ́ ni.

ỌmọÌyá_Peckham
Ẹ kú àtijọ́ o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohùn rẹ̀ tí Àyìnlá mẹ́nu bà.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà ní London. Níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, bí mo bá gbé fóònù, àwọn kan máa ń wo ara wọn. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé láì kọ́kọ́ tún un sọ nínú lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí omi fi bọ́ lójú mi nígbà tí mo wo Patricia. Godard ò ní kí ẹlòmíràn bá a sọ Faransé tó dán. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe rí, pẹ̀lú ohùn Amẹ́ríkà rẹ̀. Jálẹ̀ fíìmù náà, ó ń béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀: kí ni wọ́n ń pè báyìí, kí ni tọ̀hún. Ọ̀rọ̀ tó sì sọ kẹ́yìn pàápàá, ìbéèrè ni. Ọkùnrin náà ti sọ ọ̀rọ̀ kan kó tó kú, dégueulasse, ìyẹn ni pé nǹkan kan kóni nírìíra. Ó yíjú sí wa, ó béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tí kò tíì gbé inú èdè àjèjì rí lè rò pé ó ń díbọ́n. Èmi mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kéèyàn má gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kan òun jù.

Paris náà ló sì fi ṣe ilé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lọ́yà ọmọ Faransé, François Moreuil, ló kọ́kọ́ fẹ́ lọ́dún 1958, Marshalltown ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ló fẹ́ Romain Gary, òǹkọ̀wé tó tún jẹ́ aṣojú ìjọba Faransé ní Los Angeles, ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélógún jù ú lọ. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1962, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan, Diego.

Ṣadé_Iowa
Ẹ̀yin ará mi, inú mi dùn gan-an pé mo rí ọ̀rọ̀ yìí. Des Moines ni mò ń gbé, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ tí mo fi ń wakọ̀ dé Marshalltown. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbé mi lọ síbẹ̀. Ìlú tó dákẹ́ ni, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà láàárín rẹ̀ (ìjì ńlá ba á jẹ́ lọ́dún 2018, wọ́n sì tún un ṣe). Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá ń ronú jíjìn níbẹ̀ láyé 1950 á máa wo ọ̀nà tó jáde ìlú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré ló wà nígbà tó forúkọ sílẹ̀ nínú NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwa èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Òyìnbó, ní ìlú tí dúdú inú rẹ̀ ò ju ìwọ̀nba. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un, kò sì sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà.

Gbénró_Ẹ̀gbá
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ irun àti ohùn. Ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ba ayé obìnrin yìí jẹ́ nítorí pé ó fowó ran àwọn èèyàn dúdú lọ́wọ́! Lójú tèmi, ìyẹn ni ìtàn rẹ̀. Ìyókù, ẹ̀ṣọ́ ni.

Tíṣà_Àgbà
Gbénró ọmọ mi, ìbínú rẹ ò burú. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ bó ṣe lọ gan-an, kí a má sọ kọjá ohun tó wà nílẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó ń fún Black Panther lówó, ẹgbẹ́ ajìjàgbara àwọn èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, lábẹ́ J. Edgar Hoover ń ṣọ́ ọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, nígbà tó lóyún, ọ́fíìsì FBI ní Los Angeles kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́ wọn pé kí àwọn tan àhesọ ká pé ọmọ ẹgbẹ́ Panther kan ló ni oyún náà, kí iyì rẹ̀ lè wọmi. Olú ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i, nǹkan bí oṣù méjì, títí oyún á fi hàn dáadáa. Gbólóhùn yẹn wà nínú ìwé tiwọn fúnra wọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé dé, mo jáde síta.

Ní oṣù Karùn-ún, ọ̀rọ̀ náà yọ nínú ìwé ìròyìn Los Angeles Times láì dárúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ìwé ìròyìn Newsweek dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ 23 oṣù náà ló bímọ láìtọ́jọ́, ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Nina. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà kú. Seberg gbé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí Marshalltown, ó sì fi pósí rẹ̀ han aráàlú kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i pé irọ́ ni wọ́n pa. Òun àti Gary pe Newsweek lẹ́jọ́ ní Paris, wọ́n jàre.

Ẹyin lohùn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n mọ̀ jù ú mọ́lẹ̀ ni.

Ó kú ní Paris ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1979, ọmọ ogójì ọdún ni. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ Faransé ní ó jọ pé òun ló gbẹ̀mí ara rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, FBI jẹ́wọ́ pé àwọn ló hùmọ̀ àhesọ ọdún 1970. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa á, Gbénró. Ohun tó wà nínú ìwé wọn ti wúwo tó láìfi kún un.

Ṣadé_Iowa
Mo ti dé ibi tí wọ́n sin Nina sí ní Marshalltown. Paris ni wọ́n sin ìyá sí, ní itẹ́ òkú Montparnasse. Òkun Àtìláńtíìkì wà láàárín àwọn méjèèjì. Mi ò lè sọ jù báyìí lọ.

ỌmọÌyá_Peckham
Ṣadé, mo ti sin ọmọ rí. Ẹ ṣeun tí ẹ lọ síbẹ̀.

Akin_Kámẹ́rà
ỌmọÌyá, Ọlọ́run á máa tù yín nínú.

Gbénró, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ, àmọ́ mi ò gbà pé ẹ̀ṣọ́ ni ìyókù. FBI fẹ́ kí àhesọ wọn jẹ́ ohun tí ayé fi ń rántí obìnrin yìí. Bí àwa náà bá ń fi ìyà rẹ̀ nìkan rántí rẹ̀, a ti bá wọn parí iṣẹ́ wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n fíìmù tó ṣe, èyí tó pọ̀ nínú wọn ní Yúróòpù. Ó bá Philippe de Broca ṣe L'Amant de cinq jours lọ́dún 1961, níbi tó ti jẹ́ obìnrin ilé tó ń yọ́ ìfẹ́ ṣe. Ó pani lẹ́rìn-ín, ó sì dunni. Ó bá Claude Chabrol ṣe La Ligne de démarcation lọ́dún 1966, lórí ìgbà tí Jámánì gba Faransé. Yves Boisset lò ó nínú L'Attentat lọ́dún 1972, fíìmù tó dá lórí bí wọ́n ṣe jí Mehdi Ben Barka, olóṣèlú ọmọ Morocco, gbé ní Paris. Ní 1974, Philippe Garrel ya á nínú Les Hautes solitudes. Kò sí ohùn kankan nínú fíìmù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí orin, ojú èèyàn nìkan ni, tirẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Lọ́dún kan náà, ó darí fíìmù kékeré kan fúnra rẹ̀.

Amẹ́ríkà náà lò ó. Lilith ti Robert Rossen, lọ́dún 1964, ni mo gbà pé ó ti ṣe dáadáa jù: alárùn ọpọlọ ni, ó sì fa olùtọ́jú rẹ̀, Warren Beatty, sínú ayé tirẹ̀. Paint Your Wagon àti Airport náà wà níbẹ̀, wọ́n sanwó fún un dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè dúró sí àyè tó dúró sí. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe Patricia.

Màmá_Tọ́lá
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń kà yín bọ̀ láti àárọ̀. Òun kọ́ ni obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí Yúróòpù mọ iyì rẹ̀ ju ilé lọ. Louise Brooks, ọmọ Kansas, Berlin ló lọ kó tó ṣe fíìmù tó sọ ọ́ di àwòpadàwò, lọ́wọ́ G. W. Pabst lọ́dún 1929. Josephine Baker wa, ọmọ St. Louis, Faransé ló fi í ṣe olórí òṣèré nínú Zouzou lọ́dún 1934. Ta ni yóò gbé obìnrin dúdú síwájú fíìmù ní Hollywood nígbà yẹn? Wọ́n sì ti gbé orúkọ rẹ̀ wọ Panthéon, ilé tí Faransé fi ń bọlá fún àwọn akọni rẹ̀ tó ti kú, lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n Brooks ti gbóná kó tó dé ọ̀hún. Seberg ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Gbénró_Ẹ̀gbá
Akin, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Mi ò tíì wo èyíkéyìí nínú fíìmù rẹ̀, òótọ́ nìyẹn. Ohun tí mo kà nípa FBI nìkan ni mo mọ̀. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Akin_Kámẹ́rà
Bonjour Tristesse, kó o tó wo ti Godard. Apá tó jẹ́ ìrántí etí òkun ní àwọ̀ tó rẹwà, apá ti Paris nísinsìnyí jẹ́ dúdú àti funfun. Má dìde kó tó parí.

Àyìnlá_Sinimá
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gba ìmọ̀ràn tí Akin fún Gbénró, mo wò ó lálẹ́ àná.

Níparí, ó jókòó síwájú dígí, ó ń fi ìpara nu ojú. Ó ń pa á yípo, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń funfun lọ. Omijé wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ìpara náà wálẹ̀, kò sì dá ọwọ́ dúró. Kámẹ́rà ò kúrò lójú rẹ̀. Mo ka ọdún rẹ̀: ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí wọ́n ń ya á. Èyí ni ohun tí wọ́n wò ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní kò mọ eré ṣe.

Mo sì tún tan ti Godard lójú ẹsẹ̀, láti rí i bóyá òótọ́ ni pé ọmọbìnrin kan náà ni. Òun ni.